Ìwé Tí Ó Sọ Èrè Láìsọ Àdánù Kì í Ṣe Ìwé Òwò

Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ohun tí ọmọdé ń wá níwájú ni ẹni tí yóò gbé e dìde. Ohun tí àgbà ń wá lẹ́yìn ni ohun tí ó gbé e ṣubú, kí ó má baà tún gba ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ mìíràn. Irú ìyàtọ̀ yìí náà ni ó wà láàrin oríṣi ìwé méjì tí wọ́n ń tà fún àwa obìnrin oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ ní ìlú Èkó. Ọ̀kan ń nawọ́ sí iwájú, ó ń ṣèlérí ọrọ̀. Èkejì ń yíjú wo ẹ̀yìn, ó ń sọ ibi tí òwò ti dára àti ibi tí ó ti bàjẹ́. Èkejì yìí ni a fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa máa fi owó yín rà.

Ẹni tí ó bá ń gba ibùdókọ̀ CMS tàbí Ọbaléndé kọjá nírọ̀lẹ́ yóò rí àwọn tí wọ́n ń pàtẹ ìwé sí ẹ̀gbẹ́ títì. Lórí irú àtẹ bẹ́ẹ̀ ni ẹ óò ti rí Think and Grow Rich, tí Napoleon Hill ará Amẹ́ríkà kọ ní 1937, àti The Richest Man in Babylon, tí George Clason, òun náà ará Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1926. A kò sọ pé kí ẹ má kà wọ́n. Clason gba ènìyàn nímọ̀ràn pé kí ó fi ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tí ó bá wọlé fún un pamọ́ kí ó tó ná ìyókù. Kò sí ìyálọ́jà tí yóò bá a jiyàn lórí èyí. Ó sì sọ ìtàn Arkad, ẹni tí ó kó owó tí ó kọ́kọ́ rí tọ́jú fún amọbíríkì kan pé kí ó bá òun ra òkúta iyebíye bọ̀ láti ìrìn àjò. Àwọn tí ó lọ bá níbẹ̀ ta àfọ́kù gíláàsì fún un. Amọbíríkì kò mọ òkúta iyebíye. Ẹni tí ó fi owó rán an ni ó jẹ̀bi.

Ẹ̀kọ́ rere ni èyí. Àléébù irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni pé àwọn tí ó rí jẹ nìkan ni wọ́n máa ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn. Àwọn tí ó fi ìlànà kan náà ṣòwò tí wọ́n sì kógbá sílé, kò sí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè. Bí a bá bi ẹni mẹ́wàá tí ó la odò já bí wọ́n ti ṣe é, gbogbo wọn ni yóò sọ pé ìgboyà ni. Àwọn tí odò gbé lọ náà ní ìgboyà.

Ìbéèrè mẹ́ta kí ẹ tó ra ìwé

Kí ẹ tó san owó ìwé òwò tàbí ìwé nípa iṣẹ́ oṣù, ẹ ṣí i wò, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Èkíní: níbo ni ojú owó ti wá? Ìwé tí ó bá sọ fún wa pé ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ láti inú òfo, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, nítorí ó ṣọ̀wọ́n kí òwò má ní ẹni tí ó fún un ní omi àkọ́kọ́, ìbáà ṣe ọkọ, ìbáà ṣe ìyá, ìbáà ṣe ẹgbẹ́ èsúsú. Èkejì: kí ni ó bàjẹ́, ta ni ó sì san án? Ẹ̀kẹta: kí ni mo lè ṣe lọ́la, nínú ìsọ̀ mi tàbí lórí tábìlì iṣẹ́ mi, nítorí pé mo ka ìwé yìí?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Obìnrin tí ó bá tẹ̀lé ìwé asán kò ní pàdánù owó ìwé nìkan. Ojú owó ni ó lè bá a lọ, ojú owó obìnrin kò sì dá dúró: inú rẹ̀ ni owó ilé ìwé ọmọ wà, inú rẹ̀ ni owó ilé wà, inú rẹ̀ ni owó ìtọ́jú ìyá àgbà wà. Nítorí náà ni a ṣe yan àwọn ìwé tí ó wà nísàlẹ̀ yìí. Kò sí èyí tí ó ṣèlérí pé ẹ óò di olówó. Gbogbo wọn ni ó dáhùn ìbéèrè kejì.

Ẹfúnróyè Tinúbú: ọrọ̀ tí ó fara ti ààfin

Àìmọye obìnrin ni ó ń gba Ìta Tinúbú kọjá lójoojúmọ́ láti Marina lọ sí Ìdúmọ̀tà, tí wọn kò mọ ohun tí obìnrin tí ń jẹ́ orúkọ náà tà. Ọládípọ̀ Yémitàn kọ ìtàn rẹ̀ sínú Madame Tinubu: Merchant and King-maker, tí University Press tẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1987. Ọmọ Ẹ̀gbá ni. Ó jẹ́ aya Adélé, ọba Èkó. Ó ta tábà àti iyọ̀, ó ta epo pupa, ó sì ta ẹrú. Ní àkókò kan, agbára rẹ̀ ní Èkó pọ̀ débi pé ọ̀rọ̀ ọba kò lè lọ láìkan tirẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1856, Benjamin Campbell, kọ́ńsù ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, mú kí wọ́n lé e kúrò nílùú. Ó padà sí Abẹ́òkúta, ó tún òwò bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Dàhọ̀mì gbógun dé ní 1864, ó wà lára àwọn tí ó dúró gbọin-gbọin ti ìlú, ọdún náà ni wọ́n sì fi í jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá. Ó di olóògbé ní 1887.

Ẹ bi ìwé náà ní ìbéèrè mẹ́ta wa. Apá kan nínú ojú owó Tinúbú ti ara ènìyàn wá. Àwọn tí a tà ni ó san án, a kò sì mọ orúkọ wọn. Kò yẹ kí a fi ọ̀wọ̀ tí a ní fún ìgboyà rẹ̀ bo èyí mọ́lẹ̀. Ohun tí ó sì kan àwa obìnrin òde òní ni pé òwò rẹ̀ ní Èkó so mọ́ ààfin, nígbà tí ọ̀rọ̀ ààfin sì yí padà, òwò náà bá a yí. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí fún oníṣòwò tí gbogbo oníbàárà rẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ Sẹkitéríàtì ìjọba àpapọ̀ ní Ìkòyí. Nígbà tí ìjọba kó lọ sí Abuja ní oṣù kejìlá 1991, tí ilé ńlá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo, a kò nílò láti wí fún un mọ́ pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo kì í gbé àga dúró. Ohun tí ẹ lè ṣe lọ́la ni pé kí ẹ kọ orúkọ àwọn oníbàárà yín sílẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá ẹnì kan wà láàrin wọn tí òwò yín yóò kú bí ó bá kúrò.

Kọ́búrà tí ó kù lẹ́yìn àdánù

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, iná jó àwọn ilé ìtajà ní ọjà Balógun. Kí ni ìwé tí ń ṣèlérí ọrọ̀ ní láti sọ fún obìnrin tí ó dúró ní títì tí ó ń wo ọjà rẹ̀ bí ó ti ń jó? Ìwé tí ó lè bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ ni èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéyẹmọ Ẹlẹ́bùté, oníṣègùn iṣẹ́ abẹ, kọ ní 2013: The Life of James Pinson Labulo Davies: A Colossus of Victorian Lagos.

Davies gbáyé láti 1828 sí 1906. Iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni ó kọ́kọ́ ṣe kí ó tó di oníṣòwò ńlá ní Èkó. Òun ni ó fi £50 ṣe ìrànwọ́ nígbà tí wọ́n dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859. Nígbà tí ó gbé Sarah Forbes Bonetta níyàwó ní Brighton ní 1862, ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì kọ nípa ìgbéyàwó náà. Lẹ́yìn èyí ni òwò yí padà mọ́ ọn lọ́wọ́. Gbèsè tí ó jẹ àwọn oníṣòwò òkè òkun pọ̀, ó kọjá agbára rẹ̀, ilé ẹjọ́ sì dá sí i. Ẹni tí gbogbo Marina ń wárí fún di ẹni tí a ń na ìka sí.

Kò padà lọ jókòó ti ohun tí ó wó lé e lórí. Ní nǹkan bí ọdún 1880, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbin kòkó ní Ìjọ̀n, lápá Àgège, nígbà tí kòkó ṣì ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ilẹ̀ wa. Àwọn tí ó mọ ìtàn kòkó nílẹ̀ Yorùbá kì í fò ó dá. Ẹ wo ohun tí ìwé náà fi yé wa: gbèsè lè kó ọjà lọ, iná lè jó ìsọ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ òwò àti àwọn tí ó mọ̀ wá kì í bá iná lọ. Ohun tí a lè ṣe lọ́la ni pé kí orúkọ àwọn tí a jẹ lówó, àwọn tí ó jẹ wá lówó, àti àwọn tí a ti ń ra ọjà má ṣe wà nínú ìsọ̀ nìkan. Kí ẹ̀dà rẹ̀ wà nílé.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ sí i nípa irú àwọn oníṣòwò bẹ́ẹ̀ lè wá Capitalism in the Colonies tí A. G. Hopkins tẹ̀ jáde ní 2024. Ìtàn àwọn oníṣòwò ọmọ ilẹ̀ wa ní Èkó láti 1851 sí 1931 ni. Ó tóbi, ó sì ń béèrè sùúrù, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé òyìnbó kò pa gbogbo wọn rẹ́ gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń sọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó yí ọwọ́ òwò padà.

Òwò kékeré fún ìgbà ọmọ kékeré

Ní 1961, ọ̀dọ́mọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan láti Amẹ́ríkà wá gbé ní Àwẹ́, ní ìtòsí Ọ̀yọ́, láti kọ́ nípa òwò àwọn obìnrin wa. Gloria Marshall ni orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Niara Sudarkasa ni a wá mọ̀ ọ́n sí. Ìwé tí ó kọ, Where Women Work, jáde ní 1973. Lójú tiwa, kò sí ìwé tí obìnrin Yorùbá tí ń ṣòwò lè kà tí yóò rí ara rẹ̀ níbẹ̀ ju èyí lọ.

Ó rí i pé àpò ọkọ yàtọ̀ sí àpò ìyàwó. Ó rí i pé ọkọ ni ó sábà máa ń fún ìyàwó ní owó tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ òwò, tí èrè yóò sì jẹ́ ti ìyàwó. Ó tún rí i pé irú òwò tí obìnrin ń ṣe ń bá ọjọ́ orí ọmọ rẹ̀ rìn. Abiyamọ tí ó ní ọmọ ọwọ́ ń tà nítòsí ilé. Nígbà tí ọmọ bá gbọ́njú, tí ẹlòmíràn sì lè tọ́jú ilé, ìyá a bọ́ sí ọ̀nà jíjìn, a lọ sí ọjà oko, a di alájàpá. Iṣẹ́ òde kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń díwọ̀n ìwà burúkú obìnrin. Ara ojúṣe ìyá rere ni.

Àǹfààní ìwé yìí fún ọ̀dọ́ ìyàwó tí ń gbé Èkó lónìí pọ̀. Ó lè máa wo ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ń lọ sí Dubai lọ kó ọjà, tí òun sì ń ta ọṣẹ àti mílíìkì níwájú ilé, kí ó máa rò pé òun ti kùnà. Ìwé Sudarkasa yóò sọ fún un pé ìpele ni ó wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni akọ̀wé tí ó yan iṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré nítorí pé ó súnmọ́ ilé ìwé ọmọ rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ó ṣe lọ́la ni kí ó ṣírò ọdún tí ìpele yìí yóò parí, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó àti ìmọ̀ tí yóò gbé e dé ìpele kejì.

Obìnrin méjì láti ọwọ́ òǹkọ̀wé kan

Èkó ni wọ́n bí Buchi Emecheta sí ní 1944, ó sì kú ní London ní 2017. Ìwé ìtàn àròsọ ni ó kọ, ṣùgbọ́n ìṣirò owó tí ó wà nínú rẹ̀ péye ju ti ọ̀pọ̀ ìwé òwò lọ. A fẹ́ kí ẹ ka méjì nínú wọn pọ̀.

Nínú The Joys of Motherhood, tí ó jáde ní 1979, Nnu Ego wá láti Ibuza sí Èkó. Ọkọ rẹ̀ ń fọ aṣọ fún òyìnbó ní Yábàá, òun ń ta sìgá àti ìṣáná. Ó ń jèrè, ṣùgbọ́n gbogbo èrè náà ni ó ń wọ inú oúnjẹ àti owó ilé ìwé ọmọ. Ojú owó rẹ̀ kò dàgbà rí. Adaku, ìyàwó kejì, ya owó òwò rẹ̀ sọ́tọ̀, ó sì lọ jókòó ti aṣọ títà. Nnu Ego fi gbogbo ara rẹ̀ ṣe ìdókòwò lé ọmọ lórí, ní ìrètí pé ọmọ yóò san án. Ẹgbẹ́ ọ̀nà ni ó kú sí, kò sí ọmọ kankan lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìwé náà kò sọ pé kí a má tọ́jú ọmọ. Ó ń bi wá léèrè pé, nínú owó tí ó wọlé lónìí, èwo ni ti ọjà, èwo ni ti ilé, ta ni ó sì pààlà wọn?

Nínú Second-Class Citizen, tí ó ti jáde ní 1974, Adah ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé Amẹ́ríkà ní Èkó. Owó oṣù rẹ̀ pọ̀ ju ti ọkọ rẹ̀ lọ. Nítorí owó náà, gbogbo ilé ọkọ fẹ́ràn rẹ̀. Òun ni ó ń gbọ́ bùkátà wọn, òun ni ó sì san owó tí ọkọ fi lọ kàwé ní London. Nígbà tí òun náà fẹ́ lọ, àwọn tí ń jẹ lára owó náà kò fẹ́ kí ó kúrò. Gbogbo obìnrin tí ń gba owó oṣù ní Ìkòyí tàbí ní Marina, tí àkáǹtì rẹ̀ sì ń di òfo kí ọjọ́ karùn-ún oṣù tó pé, ni yóò mọ Adah. Ohun tí a lè ṣe lọ́la ni kí a kọ gbogbo ẹni tí owó oṣù wa ń bọ́ sílẹ̀, kí a sì wá orúkọ tiwa níbẹ̀.

Nígbà tí ọ̀gá bá di ewu

Àwọn ìwé tí ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọ́fíìsì máa ń sọ bí a ti ń múra, bí a ti ń kọ lẹ́tà, bí a ti ń tètè dé. Ọ̀pọ̀ wọn ni ó dákẹ́ lórí ohun tí ń lé obìnrin kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Sefi Atta kò dákẹ́. Ó kọ́ iṣẹ́ ìṣirò owó kí ó tó di òǹkọ̀wé, ìwé rẹ̀ Swallow, tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2010, sì dá lórí ọ̀dọ́mọbìnrin méjì, Tolani àti Rose, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì kan ní Èkó ní àkókò ọ̀wọ́n gógó ti ọdún 1980 sí 1989. Ọ̀gá kan ń fi ọwọ́ tí kò tọ́ kan àwọn obìnrin abẹ́ rẹ̀. Rose pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fi Tolani sí ipò tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kúrò. Láti ibẹ̀ ni ebi ti ń tì wọ́n díẹ̀díẹ̀ sí ọ̀nà tí ó léwu, ọ̀nà gbígbé oògùn olóró mì lọ sí òkè òkun.

Ìwé náà kò fi Rose ṣe ènìyàn burúkú. Ó fi hàn bí obìnrin tí kò ní ju owó oṣù kan lọ láàrin òun àti ebi ṣe lè gbà láti ṣe ohun tí òun fúnra rẹ̀ ìbá ti fi ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́ lé lórí. Ìyá Tolani, tí ń pa aró, tí ń ṣe àdìrẹ, wà nínú ìwé náà pẹ̀lú, òwò tirẹ̀ sì fún un ní agbára tí ọmọ rẹ̀ kò ní lọ́fíìsì. Fún òṣìṣẹ́, ẹ̀kọ́ ọ̀la ni pé owó oṣù mẹ́ta tí a tọ́jú síbi tí a kò ti ní fọwọ́ kàn án ju owó lọ. Òun ni ó ń jẹ́ kí obìnrin lè sọ fún ọ̀gá pé, "Rárá o, sà."

Alájọ àti ìṣirò rẹ̀

Ìwé tí a fi kádìí rẹ̀ tinrin, àmọ́ ó kún. The Poor and Their Money ni, Stuart Rutherford, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti pẹ́ ní Bangladesh, ni ó sì kọ ọ́, ní 2000. Ó sọ̀rọ̀ nípa Jyothi, obìnrin kan ní ìlú Vijayawada ní ilẹ̀ Íńdíà, tí ń lọ láti ilé dé ilé láti gba owó lọ́wọ́ àwọn obìnrin. Káàdì rẹ̀ ní ojú igba ó lé ogún, 220. Bí oníbàárà bá ń fi rupee 5 sí ojú kan, yóò san 1,100 títí káàdì yóò fi kún. Jyothi yóò fún un ní 1,000, yóò sì mú 100.

Ẹ̀yin ará Ìsàlẹ̀ Èkó ti mọ obìnrin yìí. Alájọ ni! Tiwa ni alájọ tí ń gba ti ọjọ́ kan fún iṣẹ́ oṣù kan. Ẹni tí ń dá ₦500 lójúmọ́ fún ọjọ́ 31 yóò ti dá ₦15,500. Yóò gba ₦15,000, alájọ yóò mú ₦500. Àwọn òyìnbó ti máa ń ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí tálákà fi ń sanwó kí a lè bá a tọ́jú owó rẹ̀. Rutherford dáhùn pé ẹni tí owó rẹ̀ ń wọlé ní díẹ̀díẹ̀ kò rí ibòmíràn tí ó lè kó o pamọ́ sí, àti pé ẹni tí ó bá wá a wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lójoojúmọ́ ń ṣe iṣẹ́ tí ó tó sanwó fún. Ó ní ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà sọ owó wẹ́wẹ́ di odidi: kí a dá a títí kí a tó kó o, bí àjọ, kí a kọ́kọ́ gbà á kí a tó máa san án díẹ̀díẹ̀, bí ẹ̀yáwó, tàbí kí a máa dá a ṣáájú, kí a kó o láàrin, kí a sì máa dá a lẹ́yìn, bí èsúsú.

Ìwé náà kò fi ewu pamọ́: alájọ lè sá lọ, ẹni tí ó ti kó èsúsú lè má dá a mọ́. Iṣẹ́ ọ̀la ni kí ẹ mọ èwo nínú ọ̀nà mẹ́ta yìí ni ó bá ohun tí ẹ fẹ́ fi owó ṣe mu. Kò yẹ kí a fi àjọ oṣù kan dúró de owó ilé tí à ń san lọ́dún, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí a fi ẹ̀yáwó ra aṣọ ẹbí.

Kí ọmọ ka ìwé, kí ìyá ṣe ìdájọ́

Ẹ ó ti ṣàkíyèsí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ gbogbo ìwé wọ̀nyí. Ó dùn wá, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó mọ òwò jù ní Ìdúmọ̀tà, Balógun àti Jánkárà kò lè kà wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìyá bẹ́ẹ̀ ni ó ní ọmọ tí ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ní Ìkòyí, tí ó fi èrè ìsọ̀ kàwé. Ọmọ mọ ìwé, kò mọ ọjà. Ìyá mọ ọjà, kò mọ ìwé. Kí wọ́n pàdé. Kí ọmọ máa ka orí kan lọ́jọ́ Àìkú, kí ó máa sọ ọ́ ní Yorùbá fún ìyá rẹ̀, kí ó sì béèrè pé, "Ìyá mi, ṣé bẹ́ẹ̀ ni ó ń rí?" Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ìyá yóò dá Nnu Ego mọ̀. Ó lè sọ ti èsúsú tí wọ́n kó sá lọ, tí kò tíì sọ fún ọmọ rí. Kí ọmọ mú ìwé àjákọ kan, kí ó máa kọ ohun tí ìyá bá wí sílẹ̀; nígbà tí ó bá yá, ìwé àjákọ náà lè níye lórí ju ìwé tí wọ́n rà lọ.

Ní ti ibi tí a ti lè rí àwọn ìwé wọ̀nyí, ẹ kọ́kọ́ béèrè ní ilé ìtàwé Jazzhole tí ó wà ní Awolowo Road ní Ìkòyí, àti ní ilé ìtàwé CMS tí àwọn ará Èkó ti mọ̀ ní Broad Street láti ìgbà àwọn bàbá wa. Àwọn tí ó ti pẹ́ bí ti Yémitàn àti ti Sudarkasa lè má sí lórí àtẹ. Ẹ béèrè wọn ní ilé ìkàwé yunifásítì. Bí owó kò bá tó, kí ọ̀rẹ́ mẹ́fà dá owó jọ bí ẹni dá èsúsú, kí olúkúlùkù ra ìwé kan, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ wọn lóṣooṣù. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, ẹni kọ̀ọ̀kan yóò ti ka mẹ́fà, owó ọ̀kan ni yóò sì ti san.

Ìwé tí ìyá bá gbọ́, tí ó mi orí, tí ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ẹ tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Èyí tí ó bá gbọ́ tí ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ má ṣe bínú sí i. Ó ti bá yín dá ojú owó kan sí.